Kí Ọmọ Kàwé, Kí Ọ̀gá Mú Irin: Bí Ìmọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Yóò Ṣe Di Tiwa ní Ìjẹ̀gùn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣẹ́-ọwọ́, òbí àti ọ̀dọ́

 

Orí iṣẹ́ ọkùnrin kan ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi kà, nítorí pé Lomé kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Mile 2 láàárọ̀ kùtù, tó gba Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu kọjá, bí bọ́dà kò bá dá a dúró, yóò sun Lomé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí ń jẹ́ Kodjo Afate Gnikou. Ní ọdún 2013, ó to ẹ̀rọ kan jọ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ti dà nù: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, skánà tí kò ríran mọ́, kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 3D printer ló jáde níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọn a ti okùn ike bọ̀ ọ́ lẹ́nu, iná inú rẹ̀ a yọ́ ike náà. Orí ẹ̀rọ a máa rìn síwá sẹ́yìn bí kọ̀ǹpútà bá ṣe darí rẹ̀, a máa tẹ́ ike yíyọ́ yìí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lórí èkejì, títí ohun tí o fẹ́ yóò fi dìde níwájú rẹ: jíà tó ṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan, ìdérí tó sọnù, ife. Mọ́tò kéékèèké tó ń fa bébà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kò ní iṣẹ́ mọ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára láti yí. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ àti irin tí orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń sá lé lórí ni Gnikou yọ lò. Gbogbo ìnáwó orí ẹ̀rọ náà jẹ́ nǹkan bí 100 dọ́là. Wọ́n sọ ọ́ ní W.Afate.

Gnikou kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan irú ẹ̀rọ yìí, jọ́gíráfì ló sì kọ́ ní yunifásítì. Níbo ni ìmọ̀ náà ti wá? Ní ọdún 2005, Adrian Bowyer, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó pè ní RepRap. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò lè tẹ púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹni tó bá ní ọ̀kan lè fi ṣe òmíràn fún aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo àwòrán rẹ̀, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ló gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Czech, Josef Prusa, mú àwòrán náà, ó dín ìdijú rẹ̀ kù, òun náà sì gbé tirẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́. Àwòrán Prusa ló dé Lomé.

Ilé kan sì wà ní Lomé tó gbà á lálejò. Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán-ilé, ló dá ilé náà sílẹ̀ ní 2012, tó pè é ní WoeLab. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń wọlé síbẹ̀, wọ́n ń jókòó ti ara wọn. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú nǹkan tí a sì ń tò ó padà wà níbẹ̀. Nígbà tí owó fẹ́ di ìdíwọ́, wọ́n bẹ àwọn ènìyàn káàkiri ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí sì dá owó tó lé ní yúrò 4,000 fún wọn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ará mi: ní ọdún 2013 yẹn gan-an, àwòrán kan náà wà níwájú ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti dátà ní Ìjẹ̀gùn. Kò sí ẹni tó fi pamọ́ fún wa. Ohun tí wọ́n ní ní Lomé tí àwa kò ní ni ilé yẹn, àti àwọn ènìyàn oríṣi méjì tó pàdé nínú rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ní ọjọ́ òní kò jù báyìí lọ. Ìmọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní í di tiwa títí ọmọ tó lè kà á àti ọ̀gá tó lè fi ọwọ́ ṣe é yóò fi jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A ń pa òwe yìí níbi ìgbéyàwó, a ń pa á níbi ìparí ìjà. Ó tó àkókò kí a gbé e wọ ìsọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún mi pé Ìjẹ̀gùn kò ní ohun èlò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alimọ́ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó tó o nínú ìkànìyàn náà. Lónìí, ẹni tó bá rìn láti Ìkòtún wá sí ibi tí a jókòó sí yìí yóò rí wẹ́dà, fọganáísà, télọ̀, káfíńtà, rewáyà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń tún ìnfátà ṣe, ẹni tó ń fi sólà sórí òrùlé. Àwọn ọmọ tó ń ti bárò káàkiri àdúgbò ń ra irin àti ẹ̀rọ kọ̀ndẹ́ẹ̀mù lójoojúmọ́. Ọjà Alábà, níbi tí ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ti ń kún kọ̀ǹténà, kò tó ìrìn-àjò. Ìdọ̀tí tí Gnikou wá kiri Lomé kí ó tó rí, àwa ń fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ ìnfátà wò dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ náà pọ̀ lọ́dọ̀ wa, iná ìjọba kò sì tíì jẹ́ kí ó dín kù. Gbogbo ẹni tó ń tún ìnfátà ṣe mọ fẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń darí iná inú ìnfátà, èyí tí wọ́n kọ IRF3205 sí lára. Bó bá jóná, ọ̀gá á tú u, á sọ́dà tuntun síbẹ̀, oníbàárà á gbé ìnfátà rẹ̀ lọ sílé. Bó bá tún jóná lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀gá á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ráyè wò. International Rectifier, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fẹ́ẹ̀tì yìí, kọ ìwé kan nípa rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní datasheet, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ IRF3205 sínú Google, fi ọ̀rọ̀ náà datasheet tẹ̀ lé e, yóò jáde. Ní ojú-ewé àkọ́kọ́, lórí pátápátá, wọ́n kọ fólìtì 55 àti ámpù 110 síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kà dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 110 náà. Bí o bá tẹ̀ lé àmì ọ̀hún dé ìsàlẹ̀ ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ pé 110 yìí, ìṣirò lásán ni, láti ara ooru tí inú fẹ́ẹ̀tì náà lè fara dà. Ìkarahun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbà ju ámpù 75 lọ. Tábìlì inú ìwé kan náà sì sọ pé bí ara fẹ́ẹ̀tì náà bá gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣirò ọ̀hún gan-an á já wálẹ̀ sí 80. Ẹ wo ibi tí a ń gbé ìnfátà sí nílé wa: kọ̀rọ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí atẹ́gùn, eruku ti dí fáànù rẹ̀, wọ́n tún fi aṣọ bo orí rẹ̀ kí ó má baà dọ̀tí. Ọ̀gá tó ń fi 110 ṣe ìṣirò iye fẹ́ẹ̀tì tí yóò tò síbẹ̀ ti ṣìnà kí ó tó tan iná sọ́dà. Fólìtì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bátìrì mẹ́rin tí a so pọ̀ di fólìtì 48 máa ń gòkè kọjá 55 nígbà tó bá ń gba ṣáájì, nítorí náà fẹ́ẹ̀tì yìí kò yẹ níbẹ̀ rárá, bó ti wù kí ó pọ̀ tó lọ́jà.

Ta ni yóò ka àkọsílẹ̀ wínníwínní ìsàlẹ̀ ìwé yẹn? Ọmọ SS2 tó ń kọ́ físíìsì lè kà á. Ó mọ òyìnbó rẹ̀, ó mọ ohun tí ámpù jẹ́, olùkọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tú ìnfátà rí láyé rẹ̀. Kò mọ̀ pé a máa ń fi aṣọ bò ó, kò mọ òórùn fẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ jóná, kò mọ èyí tó jẹ́ ayédèrú nígbà tó bá gbé e lé ọwọ́. Ọ̀gá mọ gbogbo èyí. Bí ọmọ náà bá kà á nìkan, yóò fi yege ìdánwò, ó tán. Bí ọ̀gá bá ń sọ́dà nìkan, ìnfátà yóò máa padà wá. Ẹ mú àwọn méjèèjì jókòó fún wákàtí kan, ìsọ̀ náà yóò yàtọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń wò mí pé kí ni ọmọ àwọn tí àwọn ń san owó iléèwé fún fẹ́ lọ ṣe ní ìsọ̀ oníná. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ ọwọ́ bí iṣẹ́ ẹni tí kò rí ìwé kà ti ṣe wá ní jàǹbá púpọ̀. Òun ló fà á tí ẹni tó kàwé kò fi mọ bí a ṣe ń mú ìwé náà lò, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì fi mọ̀ pé ìwé wà fún iṣẹ́ òun. Àwa Yorùbá ní ètò ìkọ́ṣẹ́ tó dúró dáadáa: ọmọ á wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá, á lo iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, á ṣe fírídọ̀ọ̀mù, àdúgbò á bá a yọ̀. Kò sí ohun tó ní kí ètò yìí má gba ìwé mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí bí a ṣe ń wá ìmọ̀. Ẹni tó bá lọ sí ọjà Ìkòtún láìmọ ohun tó fẹ́ rà, ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni yóò máa wò, ẹsẹ̀ á ro ó, owó ọkọ̀ á tán, á padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ṣí fóònù pé òun fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun, tí kò mú ìbéèrè kankan dání. Fídíò kan á fa òmíràn, ilẹ̀ á mọ́, dátà á tán. Ìbéèrè ni kí a kọ́kọ́ ní.

Ẹ gbọ́ bí Khan Academy ṣe bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ káàkiri ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2004, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Nadia ń gbé ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ìṣirò yíyí òṣùwọ̀n kan padà sí òmíràn kò sì yé e. Salman Khan, ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ní Boston, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti òkèèrè. Àwọn ẹbí mìíràn gbọ́, wọ́n ní kí ó kọ́ àwọn náà. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sí YouTube ní 2006. Ìbéèrè ọmọ kan ṣoṣo ni, nípa nǹkan kan ṣoṣo tí kò yé e. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, nítorí pé gbogbo ilé tó wà ní Ìjẹ̀gùn ló ní Nadia tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tajà fún ìyá wọn lẹ́yìn iléèwé, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé kí ni kò yé wọn.

Àdúgbò pàápàá máa ń ní ìbéèrè. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008. Katapílà tó ń ṣe ọ̀nà níhìn-ín ní Ìjẹ̀gùn gún páìpù epo tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, iná sọ, ó jó ilé, ó jó ọkọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ iléèwé. Àwọn Red Cross sọ pé àwọn tó kú tó 100. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú. Ìbéèrè tí ọjọ́ náà fi sílẹ̀ fún wa kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, àti ibi tí kòtò àgbàrá gbà, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wọlé, àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jù? Ọ̀rọ̀ páìpù epo, ọwọ́ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni kí ó wà, torí àwọn olè epo. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, àwa fúnra wa lè yà á sórí máàpù. OpenStreetMap wà, máàpù ọ̀fẹ́ tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi kún. Tẹ́lẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ máàpù ayé, omi lásán ni wọ́n yà sí ibi tí Mákòkó, àdúgbò orí omi ní Èkó, wà, àfi bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ní 2019, àwọn ẹgbẹ́ Code for Africa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mákòkó, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wà nínú wọn, bí a ṣe ń fi dróònù ya àwòrán láti òkè, ọ̀nà omi àti ilé Mákòkó sì hàn lórí máàpù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ló mọ orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọn kò nílò kí àlejò sọ ọ́ fún wọn. Ọmọ Ìjẹ̀gùn tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Ìjẹ̀gùn, kí ló kù tí kò ní?

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni dátà, òótọ́ sì ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi owó kún owó wọn tó ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nígbà mìíràn, owó gan-an kọ́ ni ìṣòro. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun wá sọ́dọ̀ wa, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀bá Abidjan. Olówó àti tálákà jọ ń wo fóònù tí kò ṣí ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ìmọ̀ náà wálẹ̀ kí ó máa gbé pẹ̀lú wa. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, ẹgbẹ́ Learning Equality ló ṣe é fún àwọn ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró. Ẹ ó gbé láptọ́ọ̀pù kan lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dáńlódù ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀: ti Khan Academy wà níbẹ̀, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, kọ̀ǹpútà. Ẹ ó gbé e padà wá sí Ìjẹ̀gùn, ẹ ó tan ráútà kékeré kan tì í. Gbogbo fóònù tó wà nínú yàrá náà yóò so mọ́ ọn, wọn yóò máa wo ẹ̀kọ́ náà láìná dátà kankan, ì báà jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo Èkó ti kú. Olùkọ́ á sì lè rí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kà dé. Kiwix náà wà, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Wikipedia. Ti òyìnbó pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tó nǹkan bí GB 100, há́dì díráífù kékeré kan gbà á. Ti Yorùbá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì fóònù á gbé e. Ní Kútọnu, ní ilé kan tó ń jẹ́ BloLab, wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kéègì lítà 20, irú èyí tí a fi ń pọn omi, wọ́n sì ń pè é ní Jerry. Ó ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà gidi, torí kọ̀ǹpútà gidi náà ni. Kéègì ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sówó láptọ́ọ̀pù, kí ó wo àwọn ará Kútọnu.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fojú kéré ohun tó wà ní Yábàá. Co-Creation Hub, ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay níbẹ̀, ti ṣe gudugudu méje. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ibẹ̀ di ẹni tí ayé mọ̀, Mark Zuckerberg tó ni Facebook bẹ̀ ẹ́ wò ní 2016, Bọ́sún Tìjání tó wà lára àwọn tó dá Co-Creation Hub sílẹ̀ sì di mínísítà ní 2023. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀gùn tó fẹ́ lọ síbẹ̀ yóò wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìkòtún, yóò wọ ọkọ̀ dé Ọ̀ṣòdì, yóò tún wọ òmíràn, yóò sì tún padà. Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ti tó ra ráútà tí mo ń wí.

Àwọn ibi tí ìmọ̀ ọ̀fẹ́ wà kò lóǹkà, n kò sì fẹ́ kà wọ́n tán fún yín. Láti 2001 ni MIT ní Amẹ́ríkà ti kéde pé àwọn yóò gbé ẹ̀kọ́ àwọn síta fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí David Malan ń kọ́ ní Harvard, wà fún ẹnikẹ́ni; ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ a sì gba ìwé ẹ̀rí láìsanwó. freeCodeCamp wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo ń sọ èyí kí ẹ̀yin òbí lè mọ̀, nítorí pé àwọn kan ń gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa láti fi ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ hàn wọ́n, wọ́n sì ń ṣèlérí dọ́là lóṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá gbà láti jókòó ti ọmọ yín, tó ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀, tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, owó tọ́ sí i, ẹ san án fún un. Ẹni tó ń ta ọ̀nà tí Google ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fẹ́ fi kún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó wọ̀ mí lára púpọ̀. Ìmọ̀ tí a ń mú wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wa kò sí níbẹ̀. Wẹ́dà tó ń gbọ́ dídún iná lára irin tó sì ti mọ̀ pé kò wọlé dáadáa, ẹni tó ń fi etí mọ bíárìn tó fẹ́ lọ nínú ẹ̀rọ ìlọta, ìyá tó ń rẹ aró tó mọ ìgbà tí omi aró ti tó, níbo ni ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí ní Ìlọrin yóò ti rí ìmọ̀ wọn wò? Àwọn kan ti ń ṣe tiwọn. Láti Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ èdè wa àti àmì ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Kọ́lá Túbọ̀sún gbé YorubaName kalẹ̀, níbi tí orúkọ wa àti ìtumọ̀ wọn wà fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tó ń kọ Wikipedia èdè Yorùbá, láìgba owó, ti kọ àpilẹ̀kọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Lórí Common Voice, ẹnikẹ́ni lè ka gbólóhùn Yorùbá sínú fóònù rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè kọ́ ohùn wa. Iṣẹ́ kò wọ́n fún ọmọ tó fẹ́ ṣe é. Kí ọmọ gbé fóònù dúró nígbà tí ọ̀gá bá ń ṣàlàyé, kí ó kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ìsọ̀ ṣe ń pè é, kí ó gbé e síta. Bowyer gbé tirẹ̀ síta, Prusa gbé tirẹ̀ síta, ìyẹn ni Gnikou fi rí nǹkan tò. Ẹnì kan wà níbìkan tó ń dúró de ohun tí ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀gùn mọ̀.

Yàrá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò nílò kí ó tóbi. Kíláàsì iléèwé tó ń ṣófo lẹ́yìn aago méjì tó, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéú tí kò sí ìpàdé nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tó. Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tí Kolibri àti Kiwix ti wà nínú rẹ̀, ráútà kan, bátìrì àti sólà tí yóò gbé àwọn méjèèjì, ẹ̀yin oníná wa sì ni yóò so ìyẹn. Tábìlì gígùn kan, iná sọ́dà, mítà ìdíwọ̀n iná, àti àpótí ẹ̀rọ kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí a ó máa tú. Kí àwọn ọ̀gá pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò máa pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Kí àwọn ọmọbìnrin jókòó sí iwájú tábìlì. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n wà lẹ́yìn, iṣẹ́ ilé ni wọn yóò tún ní kí wọ́n lọ ṣe.

Ìwé ńlá kan àti bírò wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Kí a tó túká, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tó ń dà yín láàmú níbi iṣẹ́ yín síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní ìsọ̀: ẹ̀rọ tó ń jóná láìnídìí, ẹ̀yà tí ẹ kò rí rà, nọ́ńbà tó wà lára nǹkan tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ tó jókòó tì í, kí ọmọ náà bá a kọ ọ́, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ wá ìdáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn bá kọ jù ni a ó kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.